Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Ìwádìí Abẹ́-Ìtọ́sọ́nà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Ẹ̀kọ́ Ìdárayá Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdírì

Ìfáàrà

Ní ọdún 1995 ni Bernie Dodge, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ San Diego ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà ìkọ́ni kan kalẹ̀ tí ó sọ ní WebQuest. Tom March wà pẹ̀lú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé Dodge, iṣẹ́ ìwádìí ni WebQuest, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí díẹ̀ tàbí gbogbo ohun tí yóò fi ṣe é. Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣa àwọn ojú-ewé tí ó yẹ jọ, tí yóò fi ìtọ́ka sí wọn, tí yóò sì to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àkókò rẹ̀ ronú lórí ohun tí ó rí dípò kí ó máa fi wá ohun tí yóò rí. Ìdí abájọ kò fara sin. Ní 1995 kò tí ì sí Google, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998. Ẹni tí ó bá wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà láìní afinimọ̀nà kò yàtọ̀ sí àlejò tí ó wọ ìlú ńlá lóru.

Ìlànà náà kò pẹ́ tàn ká. Wọ́n fi kọ́ ìtàn, wọ́n fi kọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n fi kọ́ lítíréṣọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn olùkọ́ ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò pàdánù ohunkóhun, nítorí pé orí ìjókòó náà ni ó ti ń kọ́ ìtàn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ́ ìdárayá tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà, ó ní láti kọ́kọ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ jókòó. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà lédè Yorùbá ti sọ tirẹ̀: ohun tí ń dá ara yá ni. Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ yóò bá ‘ara’ nínú rẹ̀. Kò ní bá ‘ìmọ̀’.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ṣe ìròyìn WebQuest lásán. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni láti fi ojú lámèyítọ́ wo irú WebQuest tí wọ́n ń kọ fún ẹ̀kọ́ ìdárayá, gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́ ṣe ń wo ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ yòówù: kí ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á, kí sì ni ó ń mú un ṣe?

Ìhun WebQuest àti àlọ́ àpamọ̀

Ìhun rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìfáàrà wà tí yóò fa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìtọ́ka, ìgbéléwọ̀n, àti ìgúnlẹ̀. Wọ́n a sì máa pín ipa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń ṣe eré orí ìtàgé: ọ̀kan á di dókítà, ọ̀kan á di oníròyìn, ọ̀kan á di akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá. Èyí tí ó kúrú lè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 1 sí 3. Èyí tí ó gùn lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù kan.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni òpó tí ó gbé gbogbo ilé náà dúró. Dodge fúnra rẹ̀ pín iṣẹ́ wọ̀nyí sí oríṣi 12, ó sì fi àtúnsọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó kọminú bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n pe iṣẹ́ tí kò ju àtúnsọ lọ ní WebQuest. March náà ráhùn ní 2003 pé ọ̀pọ̀ ohun tí ń jẹ́ orúkọ yìí kò ní nǹkan kan nínú ju ìtọ́ka àti ìbéèrè lọ.

Àlọ́ àpamọ̀ lè mú kí ìráhùn wọn yéni. Apàlọ́ ti mọ ìdáhùn kí ó tó la ẹnu. Iṣẹ́ ẹni tí ń gbọ́ ni láti já a. Bí ó bá ti já a, ó parí. Kò sí ẹni tí í bá apàlọ́ jiyàn. Àlọ́ dára ní àyè tirẹ̀, nítorí pé kí ọmọdé tó já a, ó ní láti wo ohun tí ó mọ̀ dáadáa bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Àlọ́ tí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ojú-ewé kejì kò tilẹ̀ ní àǹfààní yẹn. Ta ni ó dá eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ọdún wo sì ni? Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìtọ́ka, ó rí James Naismith, ó rí Springfield, ó rí 1891, ó dà á kọ. Ojú ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìka sì ràn án lọ́wọ́. Irú èyí pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá, bóyá nítorí pé òfin eré àti ìtàn eré rọrùn láti sọ di ìbéèrè. Kò sí ohun púpọ̀ tí ó yẹ ní sísọ lórí wọn.

Oníbàárà tí kò sí

Oríṣi mìíràn wà tí ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí, nítorí pé ó wọ́pọ̀, ó sì dára ju àlọ́ lọ. Wọ́n á sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ó ti di olùkọ́ni ní ilé ìdárayá kan. Oníbàárà kan wọlé tọ̀ ọ́ wá: ẹni ọdún 45 ni, ó sanra, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó ń ṣe, kò sì tí ì sáré láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ojú-ewé báyìí báyìí, kí ó sì kọ ètò ìdárayá ọ̀sẹ̀ 6 fún un.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn, ó wuni. Ẹ̀dá-ìtàn wà, ìṣòro wà, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá sì kọ kò ní bára mu, tí wọn yóò fi lè bá ara wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ara akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó jókòó. Ọmọ ọdún 15 jókòó fún odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ń kọ̀wé sí ẹni ọdún 45 tí kò sí láyé pé kí ó dìde, kí ó máa rìn. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Àléébù kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Oníbàárà náà kò ní làágùn láé. Kò ní padà wá sọ pé orúnkún ń dun òun. Kò ní sá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníbàárà gidi ti máa ń ṣe. Nítorí náà kò sí ọ̀nà kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà mọ̀ bóyá ètò tí òun kọ dára. Ojú-ewé ni ó ti mú un, ojú-ewé kan náà ni olùkọ́ yóò fi ṣe ìgbéléwọ̀n rẹ̀. Nínú ìjàkadì, ilẹ̀ ni ó máa ń sọ fún ọmọdé pé ọgbọ́n tí ó dá kò pé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sí nínú WebQuest yìí.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìlànà náà ní èsì, èsì wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní òjò máa ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ó sàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ìwádìí ju kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá kí ó máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Èsì wọn kejì ni ó wúwo. Nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó yára ni ó ń gba máàkì, ẹni tí ó lọ́ra ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. Ọmọ tí wọ́n máa ń mú kẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹgbẹ́, ọmọ tí kì í lè mí dáadáa bí ó bá sáré, ọmọ tí ó sanra tí aṣọ ìdárayá ń tì lójú: ìgbà àkọ́kọ́ tí irú wọn máa ń ní ohun tí wọ́n lè sọ nínú kíláàsì yìí ni ìgbà tí wọ́n bá gbé ìwádìí wá. Lámèyítọ́ tí ó bá fojú tín-ín-rín èyí kò tí ì jẹ́ ẹni tí wọ́n mú kẹ́yìn rí.

Síbẹ̀, ọmọ yìí gan-an ni WebQuest ń fi ọ̀wọ̀ yọ kúrò lórí pápá. Ó fún un ní ohùn, ó sì gba ìrìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó jáde ní 2019, tí ó dá lé ipò tí nǹkan wà ní 2016, fi hàn pé 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọjọ́-orí wọn wà láàárín 11 sí 17 ni kì í lo ara wọn tó bí ó ti yẹ. Láàárín àwọn ọmọbìnrin, ó tó 85. Àjọ kan náà sọ ní 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, bí wọ́n bá pín in dọ́gba lórí ọjọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n fi jókòó kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ìṣirò báyìí.

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìlera àti ìdárayá ní Amẹ́ríkà, SHAPE America, gbé òṣùwọ̀n 5 kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí ní 2013. Èkíní ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀-ọ́n-ṣe nínú oríṣiríṣi ìlò ara. Èkejì ni ó tó kan ìmọ̀ nípa ìlànà àti ọgbọ́n eré. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2024, tí wọ́n dín in kù sí 4, èkíní àti èkejì kò pààrọ̀ ipò. WebQuest oníbàárà dára fún èkejì. Kò kan èkíní rárá.

Ìṣirò 220

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ibi tí ìlànà yìí ti lè wúlò jù ni àwọn tí ń kọ ọ́ máa ń yára kọjá. Ìṣirò kan kún inú ìwé àti ojú-ewé ìdárayá: kí ènìyàn yọ ọjọ́-orí rẹ̀ kúrò nínú 220, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni ọdún 15 yóò ní 205. Lára iye yìí ni wọ́n ti ń yọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí ọkàn máa lù nígbà tí ènìyàn bá ń sáré. Bí wọ́n bá ní kí ó ṣe é dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 143.5. Nínú WebQuest, ìlà kan péré ni èyí máa ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe ìṣirò náà, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì kọjá sí orí oúnjẹ.

Ta ni ó sọ pé 220 ni? Iṣẹ́ tí Fox, Naughton àti Haskell tẹ̀ jáde ní 1971 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ní 2002, Robergs àti Landwehr tọ ipasẹ̀ ìṣirò náà lọ, wọ́n sì rí i pé kò sí ìwádìí kan pàtó tí wọ́n ṣe láti fi gbé e kalẹ̀. Iye tí wọ́n ṣà jọ láti inú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fojú díwọ̀n ìlà kan gba àárín rẹ̀. Ní 2001, Tanaka, Monahan àti Seals ti kó àbájáde ìwádìí 351 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn 18,712, wọ́n sì dábàá ìṣirò mìíràn: kí wọ́n fi 0.7 sọ ọjọ́-orí di púpọ̀, kí wọ́n yọ èyí kúrò nínú 208. Ẹni ọdún 15 yóò wá ní 197.5. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ara wọn le ni àwọn wọ̀nyí náà fi ṣe ìṣirò tiwọn, kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́-orí kan ṣoṣo tí ìṣirò méjèèjì ti bára mu régí ni 40, níbi tí méjèèjì ti fúnni ní 180. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn bá olùkọ́ mu. Kò bá akẹ́kọ̀ọ́ mu.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fohùn ṣọ̀kan nídìí èyí, ọ̀rọ̀ náà sì kan ara ẹni tí ń kà á. Bí olùkọ́ bá fi ìtọ́ka sí méjèèjì, tí kò sì sọ èyí tí ó tọ̀nà, iṣẹ́ náà kúrò ní àlọ́. Ó ku kí akẹ́kọ̀ọ́ dìde. Kí ó sáré yí pápá ká fún ìṣẹ́jú 5, kí ó dúró, kí ó fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ọkàn tó rọ̀, kí ó ka iye ìgbà tí iṣan ń lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ó sì fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá ṣì í kà pẹ̀lú ẹyọ kan, àṣìṣe 4 ni ó ti ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni ó fi kà á, àṣìṣe náà di 6. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìṣirò méjèèjì ní ìdá 70 fún ọmọ ọdún 15 kò sì ju 5 àti díẹ̀ lọ, nítorí pé ti Tanaka jẹ́ 138.25. Nípa báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ìka tòun kò já geere tó láti dá ẹjọ́ náà. Ojú-ewé kankan kò lè fi èyí hàn án. Ó sì wá ní ìdí gidi láti padà sídìí kọ̀ǹpútà láti wá òṣùwọ̀n mìíràn, bí irú èyí tí ó sọ pé ẹni tí ó ń lo ara ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò lè kọrin. Òṣùwọ̀n yìí kò gba aago, kò gba ìṣirò, ó sì gbọ́dọ̀ tún padà lọ sórí pápá kí ó tó lè dán an wò.

Ọmọ tí wọ́n máa ń mú kẹ́yìn kò pàdánù ohùn rẹ̀ níbí, kò sì pàdánù ìrìn. Ọkàn rẹ̀ máa ń tètè dé 138 ju ti àwọn sárésáré lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí ó yẹ ní wíwádìí ni ìyẹn, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Àwọn tí ó gbóríyìn fún WebQuest sábà máa ń mẹ́nu kan èyí tí ó dá lé oògùn tí àwọn eléré ìdárayá ń lò láti fi jèrú. Ó tọ́ sí ìyìn náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1988, Ben Johnson ọmọ Kánádà sá 100 mítà ní Seoul láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 9.79, láàárín ọjọ́ 3, wọ́n ti gba góòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oògùn stanozolol, wọ́n sì gbé e fún Carl Lewis. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Dubin ṣe alága rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rí ẹnu eléré náà, ti akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá rẹ̀ Charlie Francis, àti ti dókítà Jamie Astaphan ní 1989. Ipa tí WebQuest ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́ ti wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rí sì tako ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ronú.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìtàn lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Níbi tí wọ́n ti ń fi ìrònú nìkan díwọ̀n WebQuest, òun ni yóò gba ipò kìíní. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ó ṣe fún ẹ̀kọ́ ìdárayá gan-an, kò ní èsì tí ó ju ti oníbàárà tí kò sí lọ.

Ohun tí ó ti yí padà

Láti 1995, ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ ìlànà yìí. Ìtọ́ka máa ń kú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Adobe dáwọ́ Flash dúró ní ìparí 2020, ọ̀pọ̀ ojú-ewé ẹ̀kọ́ tí ó ń lo àwòrán alárìnká di òkúta. Èyí kéré sí ohun tí ó dé lẹ́yìn ìparí 2022, nígbà tí ChatGPT jáde. Ètò ìdárayá ọ̀sẹ̀ 6 fún ẹni ọdún 45 tí ó sanra, ẹ̀rọ lè kọ ọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fa àga sún mọ́ tábìlì. Afinimọ̀nà tí Dodge ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà sọnù, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ dé ibi tí ó ń lọ. Ìka tí ó wà lórí iṣan ọrùn ọwọ́ ni ẹ̀rọ yìí kò lè ràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Nàìjíríà. Nígbà tí àjọ NERDC tún ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún 9 ṣe ní 2012, wọ́n kó ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lórí ìwé, kò sí ibi tí WebQuest ìdárayá ti lè bá ààyè tí ó tẹ́jú ju ìyẹn lọ. Níbi tí iná kò sí, tí kọ̀ǹpútà kò tó, iṣẹ́ orí ìṣirò 220 kò gbà ju kí olùkọ́ tẹ ojú-ewé méjì sórí bébà, kí aago kan sì wà. Iṣẹ́ oníbàárà kò ní dúró rárá.

Àtakò kan ṣẹ́kù tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Oníbàárà tí kò sí, ààbò ni fún akẹ́kọ̀ọ́: ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi ara akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìwé kíkà, tí wọ́n kọ iye gbogbo kíláàsì sára pátákó, ẹ̀sín àtijọ́ yóò tún padà wọlé, yóò sì ní nọ́ńbà lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbéléwọ̀n ni ó gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà yẹn. Iye tí ó bá jáde lára akẹ́kọ̀ọ́, inú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó máa gbé, kí ó sì fi ti òní wé ti àná tirẹ̀ nìkan. Ohun tí yóò dé ọwọ́ olùkọ́ fún máàkì ni àlàyé tí ó kọ nípa ìdí tí méjèèjì kò fi bára mu, àti èyí tí ó gbà gbọ́ nínú àwọn ojú-ewé tí ó kà, pẹ̀lú ohun tí ó rí lórí pápá tí ó fi gbà á gbọ́.